Bí Mid Suffolk Ṣe Di Ti Ẹgbẹ́ Green: Ìtàn Ìdìbò Káńsù Kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú Ìlú Ọba láàárín ara wa, ibi méjì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń parí sí: ilé olórí ìjọba ní Downing Street àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Westminster. Lónìí, a fẹ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù pátápátá. A fẹ́ lọ sí Mid Suffolk, àgbègbè oko kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìlú tó tóbi jù, Stowmarket, kò ti lè fi títóbi yangàn níwájú Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ará Mid Suffolk jáde láti yan káńsẹ́lọ̀ 34. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ẹgbẹ́ Green mú 24, ẹgbẹ́ Conservative mú 6, ẹgbẹ́ Liberal Democrat mú 4. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, kò sí káńsù kan ní gbogbo Ìlú Ọba tí ẹgbẹ́ Green ti ní ju ìdajì àga lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe ìjọba rí ní Brighton láti 2011 sí 2015, àmọ́ àga wọn níbẹ̀ kò tó ìdajì. Mid Suffolk ni àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá wo àbájáde ọjọ́ kan yẹn nìkan lè pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Tí a bá to àwọn ìdìbò káńsù yìí tẹ̀léra, a óò rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àti pé ohun tó gbé e wá kò ju nǹkan méjì lọ: ìdìbò tí kì í yẹ̀, àti wọ́ọ̀dù tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè mọ ẹni tó ń dìbò fún. Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí káńsù náà ti ṣẹ̀

Káńsù Mid Suffolk kì í ṣe ohun àtayébáyé. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ tí Ilé Aṣòfin Ìlú Ọba ṣe ní ọdún 1972 ló bí i. Òfin yẹn kó ọ̀pọ̀ káńsù kéékèèké jọ, ó sì sọ wọ́n di àgbègbè tó tóbi díẹ̀. Ní àárín Suffolk, wọ́n kó ìlú Eye, ìlú Stowmarket, àgbègbè oko Gipping, àgbègbè oko Hartismere àti apá kan nínú àgbègbè oko Thedwastre pọ̀. Kálukú wọn ló ní káńsù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Káńsù kan ṣoṣo ni wọ́n bá lọ́wọ́ nígbà tí òfin tuntun náà mú ilẹ̀.

Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1973. Àwọn tí wọ́n yàn kò gba àṣẹ lójú ẹsẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, wọ́n ń múra sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn káńsù àtijọ́ tó ń palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974 ni Mid Suffolk tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Láti ìgbà náà, ẹ wo bí ìdìbò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn: 1973, 1976, 1979, 1983, 1987, 1991, 1995, 1999, 2003, 2007, 2011, 2015, 2019, 2023. Mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Láti 1979, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni, gbogbo àga lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú mẹ́rìnlá yìí, méjì péré ló bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìdìbò gbogbogbòò, ìyẹn 1979 àti 2015.

A mọ̀ọ́mọ̀ ka àwọn ọdún náà jáde. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba yí padà ní Lọ́ńdọ̀nù, olórí kan lọ, òmíràn dé, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ó tún gbérí, síbẹ̀ ìdìbò àgbègbè oko yìí kò yẹ ọjọ́ rẹ̀.

Kí ni káńsù yìí ń ṣe?

Ìjọba ìbílẹ̀ ní Suffolk pín sí ìpele mẹ́ta. Nísàlẹ̀ pátápátá ni káńsù abúlé àti ti ìlú kéékèèké wà. Àwọn ló ń bójú tó pápá ìṣeré, ilẹ̀ ìsìnkú, gbọ̀ngàn abúlé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lókè ni káńsù káúńtì Suffolk wà. Òun ló ni ọ̀rọ̀ iléèwé, títì, ilé ìkàwé àti ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́.

Àárín àwọn méjèèjì ni Mid Suffolk jókòó sí. Òun ló ń kó ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà kálukú. Òun ló ń bójú tó àwọn ilé ìjọba tí àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ń háyà. Òun ló ń gba owó orí káńsù lọ́wọ́ àwọn olùgbé, á sì pín in fún àwọn tó tọ́ sí. Òun ló sì ń fọwọ́ sí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ́lé.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ mú abúlé Thurston àti Elmswell bí àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì ní ibùdókọ̀ rélùwéè, wọ́n sì sún mọ́ ọ̀nà ńlá A14, nítorí náà àwọn tó ń kọ́lé tà fẹ́ràn wọn gan-an. Nígbà tí ilé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ibi tó jẹ́ pápá lánàá, ìbéèrè dìde. Níbo ni ọmọ àwọn tó ń bọ̀ yóò ti kàwé? Dókítà mélòó ló wà nílẹ̀? Ṣé ọ̀nà tóóró yìí lè gba ọkọ̀ gbogbo wọn?

Kókó ibẹ̀ ni pé káńsù tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ kọ́ ló ń kọ́ iléèwé, òun kọ́ ló sì ń ṣe títì. Káúńtì ló ń ṣe ìyẹn. Ará ìlú ò sì ráyè ìpele kìíní àti ìpele kejì. Ilé ló rí. Ẹni tó fọwọ́ sí ilé náà ni yóò gbọ́ ẹjọ́ nígbà ìdìbò.

Wọ́ọ̀dù kékeré, iṣẹ́ ńlá

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2021, àwọn tó ń gbé Mid Suffolk lé díẹ̀ ní 102,000. Tí a bá pín wọn sí ọ̀nà 34, káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún nǹkan bí 3,000 ènìyàn, tọmọdé tàgbà. Ẹ fi wé ẹkùn ìdìbò ti Ilé Aṣòfin, níbi tí àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nìkan ti tó nǹkan bí 73,000.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ tí kò lówó kò lè kan ilẹ̀kùn 73,000 olùdìbò. Àmọ́ tọkọtaya kan tó ní bàtà tó dára lè rin wọ́ọ̀dù kan já láàárín oṣù mélòó kan, kí wọ́n mọ ẹni tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dí, kí wọ́n mọ ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀yìnkùlé òun. Tí wọ́n bá tún padà wá lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìdìbò ṣì jìnnà, ará ìlú á mọ̀ pé kì í ṣe ìbò nìkan ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ Green gbà nìyẹn, kì í sì í ṣe ní Mid Suffolk nìkan. Wọn kì í fọ́n agbára wọn ká. Wọ́n á mú wọ́ọ̀dù díẹ̀, wọ́n á tẹpá mọ́ ibẹ̀ yíká ọdún, wọ́n á fi káńsẹ́lọ̀ kan ṣe ẹ̀rí fún wọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdìbò mẹ́ta tó sọ ìtàn náà

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdìbò mẹ́ta tó gbẹ̀yìn.

Ní 2015, àga 40 ni káńsù náà ní. Conservative mú 29. Green mú 5, Liberal Democrat mú 4, àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan mú 2. Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìdìbò gbogbogbòò ni, David Cameron sì borí ní Westminster. Ẹni tó bá rí iye yìí lọ́jọ́ náà yóò sọ pé Conservative ti jókòó títí láé. Káńsẹ́lọ̀ Green márùn-ún péré, ta ni yóò kà wọ́n sí?

Kí ó tó di 2019, àjọ tó ń pààlà wọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ààlà yà. Àga dín kù láti 40 sí 34, wọ́ọ̀dù sì di 26. Àwọn wọ́ọ̀dù kan ń yan ẹnì kan, àwọn mìíràn ń yan ẹni méjì. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Conservative mú 16, Green mú 12, Liberal Democrat mú 5, ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sì mú ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ju ìdajì lọ nínú 34 gbọ́dọ̀ ní 18. Conservative kò tó o, àmọ́ àwọn náà ló ṣì ń darí, Suzie Morley sì ni olórí káńsù.

Ẹ má gbàgbé àsìkò tí ìdìbò yẹn bọ́ sí. Ọjọ́ tó yẹ kí Ìlú Ọba kúrò nínú àjọ Yúróòpù, ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2019, ti kọjá, wọn kò sì tíì kúrò. Inú ń bí àwọn tó fẹ́ kúrò, inú ń bí àwọn tí kò fẹ́. Conservative pàdánù ju 1,300 káńsẹ́lọ̀ lọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mid Suffolk pẹ̀lú jẹ nínú rẹ̀.

Láàárín 2019 àti 2023, ènìyàn mẹ́rin ló jókòó sórí àga olórí ìjọba: Theresa May, Boris Johnson, Liz Truss àti Rishi Sunak. Conservative ni gbogbo wọn. Truss kò lò tó oṣù méjì. Nígbà tí oṣù karùn-ún 2023 fi máa dé, ó ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà tún pàdánù ju 1,000 káńsẹ́lọ̀ lọ lọ́jọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé nìyí. Ìjì kan náà ló jà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ igi tó wó kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan náà níbi gbogbo. Ní Swindon àti Medway, Labour ló gba káńsù. Ní Windsor and Maidenhead àti Stratford-on-Avon, Liberal Democrat ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ Green ní Mid Suffolk? Nítorí pé àwọn ló ti wà ní ipò kejì pẹ̀lú àga 12. Ará ìlú ti mọ orúkọ wọn, wọ́n ti rí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ìbò tí wọ́n bá fún wọn kò ní ṣòfò. Àwọn tó kan ilẹ̀kùn ní 2015, nígbà tí wọn kò ju márùn-ún lọ, ni ìjì 2023 ṣiṣẹ́ fún. Ìjì kì í gbin àgbàdo. Ẹni tó ti gbìn sílẹ̀ ni òjò ń rọ̀ fún.

Lẹ́yìn ìdìbò náà, Andrew Mellen di olórí káńsù.

Àwọn wo ló dìbò fún wọn?

Àwọn kan lè rò pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni ẹgbẹ́ Green ń bá ṣe. Mid Suffolk kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní yunifásítì. Oko àti abúlé ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi ará Ìlú Ọba léèrè ní 2016 bóyá kí wọ́n kúrò nínú àjọ Yúróòpù, ju ìdajì àwọn tó dìbò ní Mid Suffolk ló ní kí wọ́n kúrò, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Green ní kí wọ́n dúró. Ọdún méje lẹ́yìn náà, àgbègbè kan náà kó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àga káńsù fún Green.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kan gbà gbọ́ ni olùdìbò ń fọwọ́ sí. Ní ìdìbò káńsù, ènìyàn lè yà kúrò ní ẹgbẹ́ tó ti ń dìbò fún tipẹ́ láìrò pé òun da ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó ń darí ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣubú nítorí rẹ̀. Ìdọ̀tí ni yóò rí i pé wọ́n kó, tàbí wọn kò kó.

Ohun tó tẹ̀ lé e tún fi èyí hàn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2024, ìdìbò gbogbogbòò wáyé. Apá àríwá Mid Suffolk wà nínú ẹkùn ìdìbò tuntun tí wọ́n ń pè ní Waveney Valley, Adrian Ramsay ti Green ló sì wọlé níbẹ̀. Stowmarket wà nínú ẹkùn Bury St Edmunds and Stowmarket, Labour ló mú un. Apá tó wà nítòsí Ipswich bọ́ sínú Central Suffolk and North Ipswich, Conservative ló dì í mú. Káńsù kan, ẹgbẹ́ mẹ́ta! Labour tó mú Stowmarket yìí kò sì ní káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo nígbà ìdìbò Mid Suffolk ní 2023. Ìwọ̀n tí ará ìlú fi ń wọn ẹni tó ń lọ sí Westminster yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹni tó ń lọ sí káńsù.

Ìbejì ọdún 2015 àti 2023

Ẹ jẹ́ kí a má kan sáárá jù. Ohun kan wà nínú àwọn iye yìí tó yẹ kí ó máa yọ wá lẹ́nu.

Ní 2015, Conservative ní 29 nínú 40. Ìdá 72.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní 2023, Green ní 24 nínú 34. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín méjèèjì. Ṣé ọkàn ará Mid Suffolk lódindi ló yí padà ni? Rárá o. Ètò ìdìbò wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, ìbò àwọn yòókù kò mú nǹkan kan bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣíwájú ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù lè kó àga lọ rẹpẹtẹ.

Ẹgbẹ́ Green ti ń sọ tipẹ́ pé ètò yìí kò dára, pé ó yẹ kí iye àga ẹgbẹ́ bá iye ìbò rẹ̀ mu. Ní Mid Suffolk, ètò tí wọ́n ń bá jà ló gbé wọn gorí àga. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a bá ní kó wá jà ní pápá kan, pápá yẹn náà ni yóò ti jà. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n rántí pé ètò tó fún wọn ní 24 lè gbà á padà lọ́jọ́ kan, bó ṣe gba 29 lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú.

Àṣẹ sì ní ẹrù tirẹ̀. Iléeṣẹ́ National Grid fẹ́ gbé wáyà iná gba orí òpó gíga láti Norwich dé Tilbury, ọ̀nà rẹ̀ sì gba àárín Mid Suffolk kọjá. Iná tí wọ́n fẹ́ gbé náà wá láti ara atẹ́gùn orí òkun, irú èyí tí Green ń polongo rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará abúlé kò fẹ́ òpó, Ramsay sì ní kí wọ́n dá ètò náà dúró ná, kí wọ́n wo ọ̀nà mìíràn. Àwọn alátakò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tó bá wà lẹ́yìn odi lè fẹ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti wọlé ni yóò yan ọ̀kan.

Ta ló ni káńsù?

Ìdìbò kan tún wà tí kì í ṣe ti káńsẹ́lọ̀. Ní oṣù kẹfà 2011, Mid Suffolk àti àgbègbè Babergh tó wà ní gúúsù rẹ̀ bi àwọn ará ìlú léèrè bóyá kí káńsù méjèèjì di ọ̀kan. Ní Mid Suffolk, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò gbà. Ní Babergh, nǹkan bí ìdá 61 kọ̀. Nítorí pé ìhà kan kọ̀, káńsù méjèèjì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lórí ìwé ni o. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn di ọ̀kan, ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ wọn sì di ẹyọ kan. Ní 2017, àwọn méjèèjì kúrò ní ọ́fíìsì wọn, Mid Suffolk ní Needham Market, Babergh ní Hadleigh, wọ́n sì kó lọ sí Endeavour House ní Ipswich, níbi tí káńsù káúńtì wà. Ipswich kì í ṣe ara Mid Suffolk, kì í sì í ṣe ara Babergh. Ó ní káńsù tirẹ̀. Káńsù tó ń ṣàkóso Stowmarket kò sí ní ilẹ̀ tó ń ṣàkóso mọ́. Owó ni wọ́n fẹ́ dín kù, a sì gbọ́ wọn yé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Babergh tó dìbò pé àwọn kò fẹ́ yóò máa wo ohun tí "a kò fẹ́" wọn yẹn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024, ìjọba Labour gbé ìwé ètò kan jáde pé kí wọ́n fòpin sí káúńtì àti àgbègbè tó ń jókòó lórí ara wọn, kí káńsù kan ṣoṣo máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìdìbò káńsù káúńtì Suffolk tó yẹ kí ó wáyé ní oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n sún síwájú nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án 2025, àbá méjì ti wà lórí tábìlì. Káńsù káúńtì ní kí gbogbo Suffolk, tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 760,000 lọ, ní káńsù kan. Àwọn káńsù àgbègbè ní kí ó jẹ́ mẹ́ta. Nínú àbá méjèèjì, kò sí àyè fún Mid Suffolk.

Ibi tó kan àwa

Ìtàn yìí sún mọ́ wa ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1952, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun. Àpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò. Ìpele mẹ́ta ni, bíi ti Suffolk: káńsù ẹkùn ńlá, káńsù àgbègbè, káńsù ìlú. Ibẹ̀ ni ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń darí wọn nílé. Ní 1976, ìjọba ológun fagi lé ìpele, ó sọ ọ́ di ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo káàkiri Nàìjíríà. Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe báyìí, àwa ti ṣe é ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ṣé ó ti wá dára fún wa? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala keje, sọ pé káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó wà. Síbẹ̀, ọdún mélòó ni ọ̀pọ̀ gómìnà fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ jókòó síbẹ̀? Ó di ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ọ́ ṣàkó pé kò bófin mu. Ìṣòro wa kì í ṣe iye ìpele. Ìṣòro wa ni pé ìdìbò wa kì í tẹ̀léra. Níbi tí ìdìbò kò ti tẹ̀léra, kò sí ẹgbẹ́ kékeré kankan tó lè fi márùn-ún di 12, kí 12 di 24. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún dìbò kò ní ìdí láti kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Fún ẹ̀yin tó bá wà ní Ìlú Ọba fún ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ yìí tún kàn yín tààrà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní ìwé àṣẹ láti gbé ibẹ̀, tó sì ti pé ọdún tí òfin sọ, lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, ti káńsù àti ti gbogbogbòò. Láti oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè káàdì tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, páásìpọ́ọ̀tì Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Àwọn mìíràn mọ̀, wọ́n ní kí ni káńsù fẹ́ ṣe fún àwọn. Wọ́n á tún yà síbi ìwé owó orí káńsù, wọ́n á máa ráhùn.

A kò mọ̀ bóyá Green ṣe dáadáa ju Conservative lọ ní Mid Suffolk, kì í sì í ṣe ìyẹn ni a wá sọ. Ohun tí a rí ni pé nǹkan bí 3,000 ènìyàn ní ẹnì kan tí wọ́n lè pè lórúkọ, tí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n lè rọ̀ ọ́ lóyè. Agbára ará ìlú kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré. Tí wọ́n bá sọ Suffolk di káńsù kan tàbí mẹ́ta, owó lè dín kù lóòótọ́. Àmọ́ káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní èrò púpọ̀ sí i láti ṣojú fún, ẹgbẹ́ tí kò lówó yóò sì ní ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i láti kàn. Kí àwọn tó ń ṣe ìṣirò rántí láti ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nílé, ìgbà wo lẹ sì dìbò yàn án? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ kà á.